Òòrẹ̀ Kékeré Ẹ̀yìnkùlé Màámi

Ẹ má bi mí ní orúkọ tí ẹranko náà ń jẹ́ gan-an. Àwọn kan ní òòrẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òòrẹ̀ tí àwọn ọdẹ ń pa bọ̀ láti oko fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ajá, èyí tí mò ń sọ kò sì ju ìkúùkù mi lọ. Ẹ̀gún wẹẹrẹ ló bo ẹ̀yìn rẹ̀, inú rẹ̀ funfun, imú rẹ̀ gùn ṣọnṣọ. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, á ká ara rẹ̀ jọ rogodo, kò ní sá, kò ní jà. Òòrẹ̀ kékeré ni èmi ń pè é. Àlejò òun ni màámi ń pè é.

Ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Iléṣà ni mo ti kọ́kọ́ rí i, lọ́dún tí bàbá wa kú. Ibẹ̀ náà la sin bàbá sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Màámi nìkan ló kù sílé. Ọmọ méjì péré la jẹ́: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, èmi wà nílé ọkọ ní Òṣogbo, mo ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Old Garage. Lọ́jọ́ Àìkú, tí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo máa ń wọ mọ́tò lọ wo màámi, ìjà kan náà la sì máa ń jà. Èmi á ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi, òun á ní òun ò lọ. Ìjẹ̀ṣà ẹnu rẹ̀ ki, usu ló ń pe iṣu, ulé ló ń pe ilé, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní ọjọ́ tí òun kò bá rí ilẹ̀ tí òun máa fọwọ́ tú mọ́ ni kí n wá mú òun.

Ilẹ̀ tó ń sọ kò ju ẹ̀yìnkùlé yẹn lọ. Ó kọ ebè tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, ó gbin ewúro àti ata díẹ̀. Ewé ọsàn tó bá wọ́ sílẹ̀, á gbá a jọ sí ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá títí yóò fi di òkìtì, kó lè jẹrà di ajílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò nínú erùpẹ̀. Àwọn ará àdúgbò a máa sọ fún mi pé ìyá rẹ ń bá ẹ̀fọ́ sọ̀rọ̀, mo sì máa ń dá wọn lóhùn pé ẹ̀fọ́ kì í ṣòfófó.

Ní ìrọ̀lẹ́ Àìkú kan, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń já ewúro tí màá gbé lọ sí Òṣogbo. Mo gbọ́ tí nǹkan ń fín imú nínú òkìtì ewé náà, bí ọmọdé tí òtútù mú. Ejò ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo fò sẹ́yìn, mo bọ́ sálúbàtà mi sọ́wọ́, mo ti ń nà á sókè nígbà tí màámi dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Má lù ú. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan."

Bó ṣe di pé a jókòó tì í nìyẹn, èmi lórí àpótí, màámi lórí etí ibojì. Ẹranko náà tú ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ imú, ó wò wá, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìgbín wẹẹrẹ tó ń jẹ ẹ̀fọ́ màámi ló ń ṣà jẹ, òun àti ọ̀kùn àti àwọn kòkòrò abẹ́ ewé. Màámi ní láti ìgbà tó ti dé, tẹ̀tẹ̀ òun kò ní ihò mọ́. Ó ti ń bu omi sínú sọ́sà fún un ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ilé bá wá dákẹ́ rọ́rọ́, àsìkò tí bàbá máa ń béèrè oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn, àsìkò náà ni àlejò yìí máa ń jáde. Mo mọ ohun tó ní lọ́kàn, mo sì yíjú sí ibòmíràn nítorí omi ti ń lé sí mi lójú.

Nígbà tí ọyẹ́ dé lọ́dún náà, àlejò di àwátì. Màámi rò pé wọ́n ti pa á jẹ. Ó gbé e sọ́kàn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bínú, mo ní ṣé a ò ní gbádùn mọ́ nítorí ẹran tí kò kún ìkòkò? Ṣùgbọ́n bí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ó pè mí lórí fóònù, mo sì gbọ́ ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú. Ó ní ó ti jáde o. Ó ní ó ti rù, abẹ́ òkìtì ewé ló ti yọ, erùpẹ̀ sì bo gbogbo ara rẹ̀. Ó sùn ni! Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi sùn sínú ilẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀mí màámi ti so mọ́ ẹranko yìí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ohun kan wà tó ń mú un dìde.

Ẹ̀ẹ̀rùn kejì ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ dáadáa ni, ó fẹ́ràn bàbá wa ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé Ìjẹ̀ṣà ni. Ìjẹ̀ṣà tó bá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi gbọ́dọ̀ fi hàn nílé pé òun ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ìbí Olúwa ti ń sún mọ́lé, gbogbo ọmọ Iléṣà ń bọ̀ wálé, ó sì ti pe àwọn ènìyàn sí ìrántí bàbá. Ó ní àwọn àlejò kò lè wá bá ibojì bàbá òun láàárín ewúro. Yóò fi táìlì tẹ́ ibojì náà, yóò sì fi òkúta íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, láti ara ògiri dé ara fẹ́ǹsì. Ó ní bí wọ́n ṣe ń bọlá fún òbí nìyẹn, kí ayé má baà sọ pé bàbá wa kò bímọ.

Màámi gbọ́ ọ tán. Ó ní ohun tó dáa ni, òun kò sọ pé kó má ṣe é. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ló dé? Màámi sọ fún un pé àlejò òun wà nínú ilẹ̀, ó ń sùn, kò ní jáde títí òjò yóò fi rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni tó ń béèrè pé ṣé orí ìyá wa pé báyìí. Èmi tí ẹnu mi mú bí abẹ, mo sọ tèmi. Mo ní bàbá tó ti kú kò bínú sí ewúro, ìyá tó wà láàyè ló ń jẹ ẹ́. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ gún òun lára, pé ṣé ìrántí bàbá wa ló yẹ kó dúró de eku ẹlẹ́gùn-ún? Àwọn àbúrò bàbá tó jókòó síbẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Obìnrin tó ti wọlé ọkọ ni mí, wọn kò ka ọ̀rọ̀ mi sí nínú ọ̀rọ̀ ibojì.

Ṣùgbọ́n ó gbìyànjú o. Ní òwúrọ̀ tí àwọn bíríkìlà dé, òun fúnra rẹ̀ mú ọkọ́, ó tú òkìtì ewé náà wò títí ó fi kan erùpẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó wá bá màámi níbi tó dúró sí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ẹranko náà ti sá lọ sínú igbó tó wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa nígbà tó gbọ́ ariwo.

Màámi wo ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni àrẹ̀mọ. Ṣe é."

Wọ́n hú ewúro. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ebè mọ́lẹ̀, wọ́n kó yanrìn lé e, wọ́n fi ẹ̀rọ gún un, wọ́n sì to òkúta. Ìrántí náà dùn, gbogbo ènìyàn ló ń yin ẹ̀gbọ́n mi. Màámi náà yìn ín. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí itan rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó mọ́ tónítóní, erùpẹ̀ kankan kò sí ní èékánná rẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé àpótí jáde lálaalẹ́, ó ń gbé sọ́sà omi sí ẹ̀gbẹ́ táìlì bàbá. Aládùúgbò wa ló sọ fún mi. Tí omi òjò bá kún sọ́sà, á dà á nù, á tún bu òmíràn. Òjò rọ̀ títí ó fi di oṣù Òkúdù. Ní ọjọ́ Àìkú kan mo dé, mo bá báàgì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì lanu tó fi ní kí a máa lọ sí Òṣogbo. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá gbà, n kò sì láyọ̀ kankan.

Ní Òṣogbo, orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Láti fèrèsé, páànù àti wáyà iná nìkan lèèyàn ń rí, ariwo àwọn tó ń pe èrò sí mọ́tò kì í sì í tán. Mo ra ike, mo kó erùpẹ̀ sí i, mo gbin tẹ̀tẹ̀ fún un sẹ́nu fèrèsé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àjèjì, ó fi ìka kan tẹ erùpẹ̀ náà, ó sì padà lọ jókòó. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá pè lórí fóònù, ohun kan ni màámi máa ń béèrè: ṣé ó dá a lójú pé àlejò òun sá? Ẹ̀gbọ́n mi á ní ó dá òun lójú, màámi. Inú rẹ̀ á rọ̀ díẹ̀. Á wá yíjú sí mi, á ní bóyá ó rí ìyàwó nínú igbó ìsàlẹ̀. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Kò rí ọyẹ́ ọdún náà. Kò sí àìsàn kan tí mo lè dárúkọ. Oúnjẹ ń dín lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń dín, títí ó fi di òwúrọ̀ kan tí mo gbé ẹ̀kọ wọlé tí kò jí.

A gbé e lọ sí ulé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀gbẹ́ bàbá ni a máa sin ín sí, kò sì sí ibòmíràn tó yẹ. Àwọn agbẹ́lẹ̀ ní láti fọ́ íńtálọ́ọ̀kì kí wọ́n tó ráàyè. Wọ́n tú òkúta kúrò, wọ́n kó yanrìn kúrò, wọ́n kan ilẹ̀ dúdú níbi tí òkìtì ewé wà nígbà kan. Ọ̀kan nínú wọn dáwọ́ dúró, ó pe ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà tẹ̀lé e.

Ihò kékeré kan ló wà nínú ilẹ̀, ewé ọsàn gbígbẹ kún inú rẹ̀. Òun ló wà láàárín ewé náà, ó ká jọ rogodo bó ṣe máa ń ṣe, ó ti gbẹ, ẹ̀gún rẹ̀ ṣì le. Ọkọ́ ẹ̀gbọ́n mi kò jìn tó ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta tí wọ́n tú. Kò tíì sunkún láti ìgbà tí màámi ti kú. Ó na ọwọ́, wọ́n gbé e lé e lọ́wọ́, ẹ̀gún náà sì ń gún un. Ó ní, "Mo wò ó o. Mo fi ọkọ́ tú u, mo wò ó." Èmi ló ń sọ ọ́ fún. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ dè é láti ọdún tó kọjá. Gèlè mi ni mo tú, mo gba ẹranko náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi wé e. Kí àlùfáà tó dé, a ti gbé e sí ìsàlẹ̀ ibojì, níbi tí ẹsẹ̀ màámi máa wà.

Nígbà tí a sin ín tán, bíríkìlà bi ẹ̀gbọ́n mi pé irú táìlì wo ni kí òun rà fún ti màmá, ṣé irú ti bàbá ni. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbé ojú sókè. Erùpẹ̀ tútù náà ló ń wò.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."