Ọjọ́ Mẹ́sàn-án ní Ìsítáńbùlù

Télọ̀ ni Sàláúdéènì. Ògiri kan ṣoṣo ló pín ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ àti tèmi ní ẹ̀gbẹ́ Old Garage ní Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń gbọ́ ìró máṣíìnì rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí oníbàárà bá dé, yóò wọ̀n ọ́n, yóò dá ọjọ́ fún un, ọjọ́ tó bá sì dá náà ni aṣọ máa ń jáde. Ẹni tó bá ti rán aṣọ ọdún rí mọ̀ pé irú télọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tí bàbá wọn kú. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Jibril, ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Òun ló bá ìyá wọn, Ìyá Àpìkẹ́, tọ́ ọmọ náà. Ó rán an lọ sílé ìwé, ó sì fi í sẹ́nu iṣẹ́ télọ̀. Nígbà tí Jibril fi máa pé ọdún méjìlélógún, ṣòkòtò tó ń rán ti dára ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Sàláúdéènì fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àwa tí a yí i ká, inú rẹ̀ a sì máa dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó ló da àárín wọn rú. Jibril rí ọmọbìnrin kan láti Iléṣà, Tóyìn lorúkọ rẹ̀, tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà, tí gbogbo ilé wọn jẹ́ onígbàgbọ́. Ó mú un wálé ní ọjọ́ Àìkú kan pé ẹni tí òun fẹ́ fẹ́ nìyí. Ìyá Àpìkẹ́ kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Sàláúdéènì ló ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní bàbá àwọn kò bí ọmọ sínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù kí ọmọ náà wá lọ máa jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Iléṣà, ojú ọmọbìnrin náà kòròkòrò ló sì ti sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ja ìjà náà, etí ara mi ni mo sì fi gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ fún àbúrò.

"Bí o bá fẹ́ ẹ, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Jibril kò fẹ́ ẹ. Kò sì pè é ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, ó ti bá àwọn kan lọ sí ilẹ̀ Tọ́kì, sí ìlú Ìsítáńbùlù, tí wọ́n ní iṣẹ́ aṣọ rírán pọ̀ sí. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ ìtúnu àwẹ̀ àti lọ́jọ́ iléyá. Bí ìyá bá ní kó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, á ní kí ìyá bá òun kí i. Ọdún mọ́kànlá lọ báyẹn.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú wa. Mo kí i káàbọ̀, mo rò pé òwú ló fẹ́ rà. Tóyìn ni. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti wà nílé ọkọ ní Iléṣà, ó ti bímọ méjì, ó sì ti di ọ̀gá láàárín àwọn nọ́ọ̀sì ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Sàláúdéènì. Sàláúdéènì kò mọ ibi tí ìbá gbójú sí. Tóyìn ṣàlàyé pé ó ti pẹ́ tí òun ti gbúròó Jibril gbẹ̀yìn, àfi bó ṣe fi èsì àyẹ̀wò kan ránṣẹ́ sí òun lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí òun bá a wò ó, nítorí àlàyé àwọn dókítà ibẹ̀ kò yé e tó.

"Bùrọ̀dá, kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló ti daṣẹ́ sílẹ̀," ó wí. "Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún Ìyá. Kò ní n má sọ fún yín."

Sàláúdéènì bi í bóyá yóò gbádùn. Tóyìn kò purọ́ fún un. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá wà tó fẹ́ fojú kàn án, kí onítọ̀hún má ṣe jẹ́ kó pẹ́.

Ọkùnrin tí mo ń sọ yìí, Ìlọrin ni ìlú tó jìnnà jù tó dé rí. Ó ta méjì nínú máṣíìnì mẹ́rin tó ní, ó gba pásípọ́ọ̀tù, ó sì jókòó de físà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn, ó gé aṣọ oníbàárà kan ṣì, ohun tí n kò rí kó ṣe rí. Ó sọ fún Ìyá Àpìkẹ́ pé ara Jibril kò fi bẹ́ẹ̀ yá, pé òun fẹ́ lọ mú un wálé. Màmá náà dín ròbó, ó dì í sínú ọ̀rá mẹ́ta, nítorí pé ròbó ni Jibril fẹ́ràn jù nígbà tó wà lọ́mọdé.

Sàláúdéènì ní nígbà tí bàálù gbéra, gbogbo àdúrà tí òun mọ̀ lòun kà tán, tí òun tún bẹ̀rẹ̀ látorí èkíní. Ọmọ Ìkéjì-Àràkéjì kan, Ọlámilékan, tí òun àti Jibril jọ ń gbé yàrá, ló wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfúrufú. Ó kọ orúkọ Sàláúdéènì sára páálí, ó gbé e sókè. Bó ṣe kí i tán, ó bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀, ó fi wọ àlejò, nítorí òtútù mú lóṣù kẹrin yẹn, aṣọ àǹkárá fẹ́lẹ́ ni Sàláúdéènì sì wọ̀ wá.

Nínú mọ́tò, Ọlámilékan ń fi ìlú hàn án. Ó ní omi òkun ló gba àárín ìlú náà kọjá, pé apá kan rẹ̀ wà ní Yúróòpù, apá kejì wà ní Éṣíà, pé àwọn èèyàn a máa sùn ní ọ̀kan kí wọ́n lọ ṣiṣẹ́ ní èkejì. Sàláúdéènì rí àwọn mọ́sáláásí ńláńlá tí ilé ìpèrun wọn yọ sókè tíntín bí abẹ́rẹ́. Ó rí ológbò tó sùn sórí àga ilé oúnjẹ tí ẹnikẹ́ni kò lé e dìde. Ó wù ú kó wò wọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Ó ní ẹni tó wá kí aláìsàn kò yẹ kó máa wòlú.

Nígbà tí wọ́n wọ wọ́ọ̀dù, ó kọjá lára bẹ́ẹ̀dì àbúrò rẹ̀ lọ. Kò dá a mọ̀. Ohùn ló dá a dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti hewú."

Ó padà, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Jibril ti rù débi pé apá rẹ̀ kò tóbi ju ọrùn ọwọ́ lọ, ojú rẹ̀ sì ti wú. Lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Sàláúdéènì ní kí Ọlámilékan bá òun bi dókítà bóyá wọ́n lè jẹ́ kí òun gbé e wọ bàálù. Dókítà náà, obìnrin kan tí kò dàgbà púpọ̀, mi orí. Ó ní ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ jù, pé kò ní dé ilé láàyè.

Ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń jókòó tì í. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí Jibril jẹ ròbó, ó kàn ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà mẹ́ta ni Sàláúdéènì gbìyànjú láti bẹ̀ ẹ́. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, pé "Jibril, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lọ́hùn-ún," Jibril á bi í pé ta ló ń gé aṣọ fún un báyìí, tàbí kó ní kó sún ìrọ̀rí sókè fún òun. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ rárá. Títí di òní, Sàláúdéènì kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì í ni, tàbí kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ọlámilékan mú un lọ wo ibi tí Jibril ti ń ṣiṣẹ́. Àtẹ̀gùn kan ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abẹ́ ilé. Máṣíìnì mẹ́rìnlá wà níbẹ̀, kò sí fèrèsé. Ọ̀gá ibẹ̀, bàbá arúgbó kan, fọwọ́ lé àyà kí i, ó bu tíì gbígbóná fún un nínú ife kékeré, ó sì na ìka sí máṣíìnì tí Jibril ń lò. Ọ̀gbẹ́ni mìíràn ti wà nídìí rẹ̀. Ìlú tí gbogbo ayé ń wá wò, abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ni Jibril ti lo ọdún mọ́kànlá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó jọ pé ara rẹ̀ le díẹ̀. Wọ́n ti gbé e dìde jókòó nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó bi í bóyá ó ti rí òkun náà. Sàláúdéènì ní kì í ṣe òkun ni òun wá wò.

"Ẹ lọ wò ó," Jibril wí. "Ẹ wọkọ̀ ojú omi, kí ẹ dé òdìkejì, kí ẹ wá ròyìn fún mi. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo débẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín nílé, kí lẹ fẹ́ wí? Pé bẹ́ẹ̀dì lẹ rí?"

Ó lọ. Ọlámilékan ló bá a lọ. Wọ́n dúró lẹ́yìn ọkọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, àwọn ẹyẹ òkun funfun sì ń tẹ̀ lé ọkọ̀ náà, wọ́n ń ké. Àwọn èèyàn ń ju búrẹ́dì sókè fún wọn. Ìyá arúgbó kan ya búrẹ́dì tirẹ̀ fún Sàláúdéènì. Bó ṣe nawọ́ rẹ̀ sókè báyìí, ẹyẹ kan já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́, ìyẹ́ rẹ̀ kan fìlà rẹ̀, Sàláúdéènì sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rín náà pẹ́ lẹ́nu òun, ìyá arúgbó náà ń rẹ́rìn-ín, Ọlámilékan ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ló ń to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn, bí òun yóò ṣe sọ ọ́ tí Jibril yóò fi rí i.

Nígbà tí wọ́n dé wọ́ọ̀dù, wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì náà kúrò. Nọ́ọ̀sì kọ àkókò sórí bébà kékeré kan fún wọn. Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ṣì wà lórí omi nígbà náà.

Sàláúdéènì ló wẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀, ọkùnrin kan láti mọ́sáláásí ìtòsí ń dámi fún un. Orí òkè kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n sin ín sí. Ó tó ọgbọ̀n èèyàn tó kírun sí i lára: àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ Gánà, àwọn ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, àti bàbá arúgbó ọ̀gá rẹ̀ tó sunkún jù wọ́n lọ. Òjò wínníwínní ń rọ̀. Wọ́n ri pákó kan mọ́ ibi orí rẹ̀, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà sí i.

Sàláúdéènì kò fi fóònù tú u fún Ìyá Àpìkẹ́. Ó dé ilé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Èmi ló ní kí n bá òun wọlé. Màmá náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó tún wo ẹ̀yìn mi.

"Ṣé ìwọ lo wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé òjò máa ń rọ̀ lọ́hùn-ún?"

"Ó máa ń rọ̀. Ó rọ̀ lọ́jọ́ tí a sin ín."

Ó ní àlùhámúdúlílàhì. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìborùn bo ojú, ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ fìdáù, Tóyìn wá láti Iléṣà. Ó fi gèlè bo orí àti ọrùn, ó jókòó sáàárín àwa obìnrin, ó sì dákẹ́ títí àwọn àáfà fi ṣàdúrà tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Sàláúdéènì pè é sí ẹ̀gbẹ́ kànga, ó lóṣòó níwájú ẹni tó lè bí, ó ní òun lòun lé Jibril lọ, kó forí jì òun.

"Ẹ dìde, Bùrọ̀dá," Tóyìn wí. "Ẹni tó ni ẹ̀bẹ̀ yẹn ti lọ. N kò lè bá a gbà á."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó wọ inú ilé lọ bá Ìyá Àpìkẹ́, ó yọ ẹ̀rọ kékeré kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru màmá náà wò.

Àwọn oníbàárà máa ń bi Sàláúdéènì bí ìlú Ìsítáńbùlù ṣe rí. Á ní ìlú ńlá ni, á sì tẹrí ba sídìí máṣíìnì. Èmi nìkan ló sọ ti ẹyẹ àti búrẹ́dì fún, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí kò síná. Mo ní àbúrò rẹ̀ ló rán an, pé kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní, "Ìyá Òkìkí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mò ń rín."

Tóyìn ṣì máa ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá Àpìkẹ́. Lóṣù tó kọjá, ó mú ọmọ rẹ̀ àgbà, Ìníolúwa, dání. Màmá fa ọmọ náà mọ́ra, ó bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní mẹ́sàn-án. Màmá ní ó ti dàgbà, ó sì ń fọwọ́ pa á lórí fún ìgbà pípẹ́. Sàláúdéènì dé ẹnu ọ̀nà, ó kí wọn, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó ní òun ní aṣọ ìyàwó kan láti rán, pé ọ̀la ni òun dá fún wọn.