Irun Tí Wọ́n Ní Lisílà Jẹ Odò

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Lisílà alágbàfọ̀ ní Fẹgósì, abúlé wa ní ilẹ̀ Àkádíà. Wọ́n ní ó jẹ odò ní irun. Odò tó gbé ọmọ rẹ̀ lọ tòun ti orí, tòun ti irun tó wà lórí ọ̀hún, odò yẹn kan náà ni wọ́n ní kó lọ san irun fún. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyànjẹ, ṣùgbọ́n èyí ju gbogbo wọn lọ.

Bí a bá bí ọmọkùnrin ní Fẹgósì, ìdì irun kan wà ní ìpàkọ́ rẹ̀ tí abẹ kì í kàn. Ti odò Dirimónì ni. Omi rẹ̀ la fi wẹ ọmọ, òun náà la mu dàgbà, nítorí náà bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún, lọ́jọ́ ọdún odò, wọn á gé ìdì irun náà, wọn á jù ú sómi, ọmọ á di ọkùnrin. Òfin kejì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ la odò náà kọjá láì kọ́kọ́ fọ ọwọ́ rẹ̀ létí omi kó sì gbàdúrà.

Télésì, ọmọ kan ṣoṣo tí Lisílà bí fún ọkọ rẹ̀ olóògbé, ku oṣù méjì péré kó gé irun tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó gbé ẹrù aṣọ tí òun àti ìyá rẹ̀ fọ̀, ó ń súfèé lọ, ó gbàgbé, kò fọwọ́ kó tó wọ omi. Odò ru lójijì, ó gbé e. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí òkú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Lisílà ò tilẹ̀ rí èyí tó sàn náà gbà, nítorí lọ́dọ̀ wa, òkú tí a kò bá sin kì í rí ọ̀nà wọ ìlú àwọn òkú. Ìta ni yóò máa dúró sí, kò níí wọlé, kò níí padà.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ alágbàfọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìtọ̀ ni a fi ń ṣe é. Ilé kọ̀ọ̀kan á tọ̀ sínú ìkòkò, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà, Lisílà á lọ kó o jọ títí yóò fi kan. Inú ọpọ́n ìtọ̀ kíkan yìí ni yóò kó aṣọ onírun àgùntàn sí, ẹsẹ̀ ni yóò sì fi tẹ̀ ẹ́ kí ọ̀rá àti ìdọ̀tí fi jáde. Kí Télésì tó kú, igbó ló máa ń da ìtọ̀ tó bá lò tán sí, bí òfin ṣe wí. Láti ọjọ́ tí odò ti gbé ọmọ náà, etí omi ló ń gbé e lọ láràárọ̀. Á da gbogbo rẹ̀ sínú odò gbùà, á ní, "O ti jẹun tán. Gbà, fi tì í." Àwọn aládùúgbò á di etí wọn. Kò sẹ́ni tó tó bẹ́ẹ̀ láti dá a lẹ́kun.

Ọdún odò tó tẹ̀ lé ikú ọmọ náà kọjá, wọn ò bi í léèrè nǹkan kan, nítorí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní Sénónì ni orúkọ òun, oúnjẹ àti ibi tí òun máa sùn ni òun fẹ́, òun á ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó má baà di àlọ́: Dirimónì fúnra rẹ̀ ni, òrìṣà odò. Lọ́jọ́ ọdún yẹn ló gbé oníṣòwò ńlá kan lọ, ẹni tó ti pa màlúù fún Séúsì, olórí àwọn òrìṣà, tó sì wà lábẹ́ ààbò rẹ̀. Séúsì bínú. Ó bọ́ agbára kúrò lára Dirimónì, ó fi ara ènìyàn wọ̀ ọ́, ó ní kó lọ fi òógùn ojú jẹun fún ọdún kan gbáko, títí di ọjọ́ ọdún odò tó ń bọ̀. Nítorí olówó ni o. Nítorí Télésì, ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan lókè. Ẹjọ́ ọmọ alágbàfọ̀ kò dé iwájú Séúsì.

Lisílà ò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ti ọkùnrin náà sínú ọpọ́n, ó ní kó máa tẹ̀. Òrìṣà tí wọ́n ń pa ewúrẹ́ fún dúró nínú ìtọ̀ gbogbo abúlé, ó ń tẹ aṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bó. Bí ó bá sì dijú nítorí òórùn, Lisílà á bẹ̀rẹ̀.

"Sénónì, ẹsẹ̀ rẹ yìí dà bí ẹsẹ̀ ọmọ ọba. Orí tìmùtìmù lo ń gbé e sí tẹ́lẹ̀ ni? Tẹ̀ ẹ́ dáadáa jàre."

Lóṣù kìíní, ohun tí ọkùnrin náà ń rò ni pé bí òun bá ti gba agbára òun padà, ilé obìnrin yìí ni òun máa kọ́kọ́ gbé lọ. Àràárọ̀ ló ń gbọ́ èébú rẹ̀ létí omi, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n. Ṣùgbọ́n ebi kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọnú. Ó kọ́ bí a ṣe ń wo búrẹ́dì ọkà bálì tó ṣẹ́ kù kan, tí a ń retí kí ẹni tó ni ín pín in. Lisílà máa ń pín in sí méjì, èyí tó tóbi ni yóò sì jù sí i, pé ẹni tó ń tẹ aṣọ ló ń lo agbára.

Nígbà òtútù, ibà dá a wó. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò lè dìde. Lisílà bọ́ aṣọ Télésì lára ìṣó, ó fi bò ó. Ó fi abọ́ Télésì bu ẹ̀kọ ọkà bálì fún un, ó ń fi síbí bù ú sí i lẹ́nu. Sénónì béèrè ìdí tí ó fi ń ṣe wàhálà bẹ́ẹ̀ lórí àjèjì. Lisílà dáhùn pé ìyá kan lè wà níbì kan tó ń retí rẹ̀, òun Lisílà sì mọ bí ìrètí ṣe rí. Láti ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀: eyín iwájú tó kán nígbà tó fi ń fọ́ èso eléèpo líle, òwú pupa tí òun hun mọ́ ìdì irun rẹ̀ ní kókó méje kó má baà tú, súfèé burúkú tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn ìdákẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Sénónì wá inú ara rẹ̀ títí, kò rántí ọmọ kankan tó ń súfèé. Ẹni tó ṣu kì í rántí, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ó ti gbé ènìyàn pọ̀ jù. Òwú pupa yẹn nìkan ló rántí, pé nǹkan pupa kan wà tó há sábẹ́ gbòǹgbò igi ńlá tó tẹ̀ sórí ibú. Ojú ẹni tó ni òwú náà kò sí lọ́kàn rẹ̀, nítorí kò wò ó. Ó yí ojú sí ògiri, kò lè jẹ ẹ̀kọ náà mọ́. Lisílà rò pé ibà ni.

Ní gbogbo ọdún yẹn, odò ń gbẹ. Ẹni tó ni ín ló ń tẹ aṣọ nínú ọpọ́n, báwo ni kò ṣe ní gbẹ? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà abúlé ò mọ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí ọdún odò, Pantíà, àwòrò odò, kó wọn lẹ́yìn wá sílé Lisílà, ó wọ aṣọ funfun báláú.

"Lisílà," ó ní, "o ṣèlérí irun fún odò lọ́jọ́ tí o bímọ. Irun náà dà? Òun ni odò ń bínú sí."

"Baba Pantíà, orí ọmọ ni irun ń hù sí. Odò ló gbé orí. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀."

Pantíà ní ohun tí odò fúnra rẹ̀ mú, ìyà ni. Ohun tí a bá fi ọwọ́ wa gbé fún un ni ẹ̀bùn, ẹ̀bùn ni àwọn sì wá béèrè. Bí kò bá sí irun ọmọ, kí ìyá rẹ̀ fá orí tirẹ̀, kó kúnlẹ̀ létí omi, kó tọrọ àforíjì fún ọmọ tó fi ọwọ́ ìdọ̀tí wọ odò. Bí ó bá kọ̀, tí ọdún bá ti parí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un ní iná tàbí omi mọ́. Kó máa lọ sí ibi tí ẹsẹ̀ bá gbé e dé.

Lisílà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Láti ìgbà tó ti dáyé, kò pe Pantíà ní ìwọ rí.

"Ọwọ́ ọmọ mi dọ̀tí nítorí aṣọ rẹ ló fọ̀, Pantíà. Èyí tí o wọ̀ wá yìí. Ìtọ̀ ilé rẹ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kú. Kí n wá kúnlẹ̀ fún ẹni tó pa á? Mi ò kúnlẹ̀. Mi ò sì ní í lọ. Ibí ni ọmọ mi wà, mi ò lè fi í sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí n máa lọ."

Sénónì wà nínú ọpọ́n, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó la ẹnu, ó ní odò ò béèrè irun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Pantíà ní ẹni tó ń tẹ ìtọ̀ kì í dá sí ọ̀rọ̀ odò, àwọn tó kù sì bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ọ̀rọ̀ kúkú nìyẹn, ẹni tó ni odò ni wọ́n lé kúrò nínú ọ̀rọ̀ odò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Sénónì gba etí ibú lọ. Omi ti fà, gbòǹgbò igi náà ti yọ síta. Ẹ̀rù bà á. Omi tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló ń dẹ́rù bà á. Nígbà tó kọ́kọ́ rì sílẹ̀, kò rí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kejì, gbòǹgbò há a lẹ́sẹ̀, ó mu omi, àyà rẹ̀ ń jó bí iná, ó sì gbọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń pe "Ìyá" sínú omi, òun tí kò ní ìyá. Ó ti máa ń gbọ́ ìpè yẹn láti ẹnu àwọn tó ń gbé lọ. Ariwo lásán ló máa ń pè é. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó jókòó sórí òkúta, ó sunkún. Lẹ́yìn náà ló tún padà wọ ibẹ̀, ó sì kó egungun ọmọ náà jáde lábẹ́ gbòǹgbò, tòun ti òwú pupa.

Aṣọ Télésì tí Lisílà fi bò ó nígbà ibà ló fi di àwọn egungun náà wálé. Lisílà tú u. Ó fi ìka kan eyín iwájú tó kán. Ó mú ìdì irun, ó ka kókó òwú pupa náà, ó pé méje. Ìgbà náà ló wá gbé ojú sókè, ó béèrè bí ó ṣe mọ ibi tí wọ́n wà.

Sénónì kúnlẹ̀, ó di orúnkún rẹ̀ mú. "Èmi ni. Èmi ni Dirimónì. Èmi ni mo gbé e."

"Kí ló fi ṣe ọ́?"

"Kò fọwọ́."

"Kò fọwọ́," ni Lisílà wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo abọ́ tó wà nílẹ̀. "Abọ́ rẹ̀ lo fi ń jẹun láti ọjọ́ yìí. Èmi ni mo ń bù ú sí ọ lẹ́nu."

"Ẹ dárí jì mí, Ìyá Télésì."

Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní orúkọ yẹn. Ó ní, "Rárá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní mo jẹ ọ́ ní irun. Nínú èmi àti ìwọ, ta ló jẹ ẹnì kejì?"

"Èmi ni."

"San án."

Lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí gbogbo Fẹgósì kó ọmọ àti ewúrẹ́ wá sí etí omi, wọ́n bá Lisílà lẹ́bàá ọ̀nà níbi tó ti gbẹ́ sàréè. Pantíà rí ìdì irun lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó na ọwọ́, ó ní kó gbé e wá, ọ̀rọ̀ ti parí, kò sẹ́ni tó máa lé e mọ́. Ohun tí ì bá fi gba ilé rẹ̀ là nìyẹn. Lisílà wò ó, ó tẹ́ irun náà sẹ́bàá orí ọmọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa erùpẹ̀ lé e.

Pantíà gbé ọ̀pá sókè láti kéde pé kò sí iná, kò sí omi fún un mọ́. Sénónì jáde síwájú, abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí òkú bá dùn lọ́dọ̀ wa, irun orí rẹ̀ ló ń gé lé sàréè. Ó kúnlẹ̀, ó fá orí rẹ̀ kodoro, ó tẹ́ irun náà sórí erùpẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹ wo atẹ̀tọ̀ tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọdún rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà. Ó dìde, ó rìn lọ sí odò, omi sì ru sókè wá pàdé rẹ̀ títí a ò fi mọ èyí tó jẹ́ ọkùnrin nínú rẹ̀ mọ́. Irun orí sàréè di koríko odò, tútù yọ̀yọ̀. Pantíà dojú bolẹ̀ tòun ti aṣọ funfun, gbogbo abúlé dojú bolẹ̀. Lisílà nìkan ló wà lórí ìdúró. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ erùpẹ̀ náà kó lè le.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ lílé mọ́. Láti ọjọ́ náà, odò yẹn ò gbé ẹnikẹ́ni lọ, ọmọdé ń ṣubú sínú rẹ̀, á gbé wọn padà sí etí. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Pantíà gbé wàrà ewúrẹ́ àti èso ọ̀pọ̀tọ́ lọ fún Lisílà, ó bá a létí omi níbi tó ti ń da ìtọ̀ sódò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó fi ọwọ́ wọ́nú, kó máa dúpẹ́, nítorí ilé rẹ̀ ni òrìṣà ti kọ́ àánú, oríire ńlá sì ni.

"Mo gbọ́," ni Lisílà wí. "Ó kọ́ àánú. Ọmọ ta ni wọ́n fi kọ́ ọ?"

Lisílà gbé ẹrù aṣọ karí, kò fọwọ́, ó wọ omi. Omi náà fà sẹ́yìn fún un, kò ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi dé òdì kejì.