Bí Ìyá Àgbà Ṣe Fi Èdè Sípéènì Fún Àlejò Níjòkòó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì kọjá ẹnu odó, ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni mo ń gbé, lẹ́sẹ̀ òkè níbí ní Dásà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu mi ò dákẹ́, ẹ ò bá a láyé ni. Obìnrin náà lẹ́nu! Ó sì tún lágídí. Ohun kan tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni ni kí àlejò wọlé rẹ̀ kó má jókòó. Wàá kọ́kọ́ jókòó, wàá mu omi, òun á bi ọ́ nípa ọ̀nà, kó tó wá kan ohun tó gbé ọ wá.

Lọ́dún kan, ọkọ́ ṣá a lẹ́sẹ̀ níbi tó ti ń kọ ebè lóko wa, lọ́nà Gbaffo. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ẹsẹ̀ wú, ó ń rùn, kò lè dé ẹnu ọ̀nà mọ́ láìdi ògiri mú. Mo gbọ́ tí àwọn ará ilé ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé bóyá wọ́n á gé e. Àyà mi já. Ta ni yóò máa tọ́jú mi bíi tirẹ̀?

Obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan, sísítà tí àwa ń pè ní Másẹ̀ẹ̀ bíi ti àwọn Faransé, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sípéènì dé sí mísọ́ọ̀nù àwọn Àgùdà. Òun ló ń wẹ egbò fún àwọn èèyàn. Faransé rẹ̀ kò ju kó kí èèyàn ní "bọ̀nzúù" lọ, tiwa náà kò sì jù bẹ́ẹ̀. Bàbá mi mú un wálé. Ó ń kánjú, ó ń làágùn. Ìyá àgbà nawọ́ sí àpótí pé kó jókòó. Ṣé ẹ mọ ohun tí Másẹ̀ẹ̀ ṣe? Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé àpò oògùn rẹ̀ lé orí àpótí, òun fúnra rẹ̀ wá kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀!

Ìyá àgbà figbe ta. "Yéè! Àpò jókòó, àlejò wà nílẹ̀! Irú kí nìyí nílé mi?" Ló bá fi ìró bo ẹsẹ̀, ó ní ẹni tí òun ò tíì fún níjòkòó ò ní fọwọ́ kan òun. Másẹ̀ẹ̀ rò pé ẹ̀rù oògùn ló ń bà á. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u, ó lọ. Nígbà tó padà wá, bákan náà ni.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wẹ egbò náà."

Ó ní, "Lọ bi í bí wọ́n ṣe ń pe ìjókòó nílùú wọn, kí n fi ẹnu ara mi pè é jókòó. Èmi kì í ṣe odi."

Mo sáré lọ sí mísọ́ọ̀nù. Másẹ̀ẹ̀ wà lórí àga níwájú ilé oògùn. Mo fọwọ́ kan àga náà, mo tẹjú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó dìde, ó nawọ́ sí àga pé kí n wá jókòó! Mo kọ̀. Mo tún gbá àga náà pẹ́pẹ́, mo nàka sí ẹnu rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Ó ní, "Síyà." Mo wí i tẹ̀lé e, ó pàtẹ́wọ́. Síyà, síyà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí bọ̀ láàárín àwọn àpáta, n ò dá ẹni tó kí mi lóhùn, kó má baà bọ́ lẹ́nu mi.

Ìyá àgbà bi mí pé báwo ni síyà náà ṣe rí. Mo ní ó lẹ́yìn tí èèyàn ń fara tì.

"Àpótí tiwa ò lẹ́yìn," ló wí. "Lọ yá àga ọkùnrin tó ń kọ́ yín ní kátísímù, ká má baà purọ́ fún àlejò."

Mo rù ú wálé. Nígbà tí Másẹ̀ẹ̀ tún yọ, ìyá àgbà fi etí ìró nu àga náà, ó nàró, ó ní, "Síyà!" Másẹ̀ẹ̀ dúró gbagidi. Ó wo àga, ó wo ìyá àgbà, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ó jókòó. Ó mu omi. Ìyá àgbà bi í nípa ọ̀nà tó gbà wá ní èdè wa, òun náà dáhùn ní tiẹ̀, wọ́n jọ ń mi orí bí ẹni pé wọ́n gbọ́ra yé. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà ká ìró, ó na ẹsẹ̀ fún un. Ẹ wò ó, inú mi dùn lọ́jọ́ náà, kò ṣeé fẹnu sọ.

Láti ìgbà náà, bó bá ti wá, a ó gba ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́nu rẹ̀. Mésà ni tábìlì, kámà ni ibùsùn. Egbò ń jinná, ọ̀rọ̀ ń pọ̀ sí i.

Ayé ti yí padà. Alùpùpù ń gbé aláìsàn dé ilé ìwòsàn kíá, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó parí, kò sẹ́ni tó bi í nípa ọ̀nà. N ò bú wọn o, ara ń yá àwọn èèyàn. Èdè Sípéènì pàápàá, ní lisé, ilé ẹ̀kọ́ girama, ni ọmọ ọmọ mi ti ń kọ́ ọ, tẹlifóònù rẹ̀ ń pe ọ̀rọ̀ fún un. Lánàá ló fajú ro wá bá mi. Ó ní, "Màmá, kí ni mo fẹ́ fi èdè yìí ṣe ní Dásà? Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí mo mọ̀ yìí, kí ló fẹ́ dà?"

Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyá àgbà mi mọ̀ lọ́jọ́ tó na ẹsẹ̀ fún Másẹ̀ẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì jó níbi ìgbéyàwó mi.