Orin Tó Parí Lẹ́ẹ̀kan Náà

Orin náà parí lẹ́ẹ̀kan náà, àfi bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e, ni Bàbá bá yọwọ́ kúrò lára sílíńdà gáàsì bí ẹni tí iná jó.

"Ohùn kan dín níbẹ̀," ló wí. "Ta ni ò kọrin?"

A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa. Èmi náà ń wò káàkiri, ẹ̀pà tí wọ́n rán mi rà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Ọgbà sítọ̀ọ̀ kòkó kan ní Oǹdó la wà, ní àsìkò ọyẹ́, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òórùn kòkó gbígbẹ, tó dà bí ọtí kíkan tí wọ́n pò mọ́ ṣúgà jíjóná, ti gba ibẹ̀ kan. Bàbá yìí ló ń fi gáàsì pa kòkòrò inú àpò kòkó kí wọ́n tó kó o lọ sí etíkun. Ó gùn, ó ti dàgbà, ṣòkòtò kakí rẹ̀ kì í sì í ní àbàwọ́n. Àwọn alábàárù á to àpò jọ bí òkè, wọn á da tapólì ńlá bò ó, wọn á fi àpò yanrìn tẹ etí tapólì náà mọ́lẹ̀ yí ká. Bàbá á wá ti rọ́bà gáàsì sábẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣí gáàsì náà láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó wà nínú ọgbà tò síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ẹsẹ kan nínú orin ìwé. Alábàárù, àgbẹ̀, awakọ̀, ọmọdé, kò sí ẹni tó yọ sílẹ̀. Á di ojú, á máa gbọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí akọrin ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Etí rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ojú.

Alábàárù kan ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà: "Bàbá, ṣé ìsìn lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí kòkòrò lẹ fẹ́ pa?"

"Ìwọ gan-an ni kòkòrò tí mo máa kọ́kọ́ pa. Gbóhùn sókè, jàre!"

A rẹ́rìn-ín, a kọrin. Orin sì parí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá àgbà mi máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí orin. Gbogbo ìjọ á ti dákẹ́, tirẹ̀ á ṣì máa lọ, bí ẹni tó ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Ojú máa ń tì mí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó fa nǹkan kan, Bàbá ló sì kọ́kọ́ mọ̀.

"Ìyá àgbà rẹ dà?" ó bi mí.

"Wọ́n ní kí n lọ ra ẹ̀pà wá, sà. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ kòkó àwọn."

Àwọn àgbẹ̀ wa nìyẹn. Wọn kì í kúrò nídìí kòkó tí wọn ò tíì wọ̀n. Orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, orí rẹ̀ ni wọ́n ti ń sùn, kí àpò wọn má baà di ti ẹlòmíràn. Àṣé àwọn alábàárù ti ṣèèṣì kó àpò ìyá àgbà mọ́ òkìtì ńlá. Nígbà tí wọ́n lọ gbé yanrìn wá, ó rá wọ abẹ́ tapólì, ó lọ jókòó ti kòkó rẹ̀. Ibẹ̀ móoru, ọyẹ́ mú níta. Oorun gbé e lọ.

Bàbá ta àpò yanrìn nípàá, ó ká tapólì sókè. Ìyá àgbà nìyẹn, ó ká jọ sáàárín àpò méjì, gèlè lábẹ́ orí, ó ń hanrun.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o!" ló fi jí. "Wọn ò tíì wọn kòkó mi!"

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ekuru tòun ti kakí rẹ̀. "Ìyá, gáàsì yìí ò lóòórùn. Kò láwọ̀. Ẹ ò bá má mọ ìgbà tẹ́ ẹ kú."

"Ta ló máa ń mọ̀ ọ́n?" ìyá àgbà dá a lóhùn, ó ń gbọn gèlè rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀pà mi ti tú sílẹ̀. Ọwọ́ Bàbá ni mò ń wò, ọwọ́ tó wà lórí sílíńdà lẹ́ẹ̀kan.

Ó di yunifásítì kí n tó mọ ohun tó wà nínú sílíńdà náà. Olùkọ́ kẹ́mísírì wa gbé ìgò kékeré kan síwájú wa, ó ní brómìnì ni. Omi inú rẹ̀ pọ́n dúdú bí osùn. Bí ìgò náà ti kéré tó, ó wúwo lọ́wọ́ bí òkúta. Kò sí iná lábẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ èéfín pupa ń rú jáde, òórùn rẹ̀ dí wa lọ́fun, omi bọ́ lójú wa. Olùkọ́ ní òórùn burúkú gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ lédè àwọn Gíríìkì. Ó ní inú omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Pé òun àti fàdákà ló ń gbé ojú wa sórí bébà fọ́tò. Pé wọ́n ti fi iyọ̀ rẹ̀ ṣe oògùn wárápá rí. Pé wọ́n ń fi í sínú ike kí iná má tètè ràn án. Ó wá ní tí wọ́n bá so ó pọ̀ mọ́ kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn, ó ń di gáàsì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ní sítọ̀ọ̀ kòkó, gáàsì tí imú ò lè gbọ́.

Bírò bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tó ń rùn tó báyìí, òun ló fẹ́ wọlé tọ ìyá àgbà mi láìrùn rárá? Mo jáde, mo lọ di igi kan mú lẹ́yìn láàbù. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù ọjọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bà mí tán.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ ọmọ mi tó ń ka kẹ́mísírì ní yunifásítì níbí sọ fún mi pé gáàsì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di èèwọ̀ káàkiri ayé, pé ó ń jẹ ìbòrí tó wà lókè, tó ń gbà wá lọ́wọ́ oòrùn.

Bàbá ti lọ, ìyá àgbà náà ti lọ, orí ibùsùn ara rẹ̀ ló kú sí. Ṣùgbọ́n tí orin bá ń parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo máa ń fa ọ̀rọ̀ ìparí. Olórí akọrin á yíjú wò mí, àwọn ọmọ ọmọ mi á fọwọ́ bojú. N kì í dá a dúró. Mo máa ń fà á títí èémí mi á fi tán, kí ẹni tó bá di ojú tó ń gbọ́ wa lè mọ̀ pé ìta tapólì ni mo wà.