Sinimá Ọ̀sán

Lọ́sàn-án àná, ọmọ-ọmọ mi ń wo eré lórí fóònù. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ewúrẹ́ tó ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, mo rántí ọ̀sán tí wọ́n gbé sinimá wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa ní Èrúwà.

Wọ́n fi kúbùsù bo fèrèsé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Òógùn ń rùn. Ìtàn inú ìwé kíkà wa ni, àmọ́ àwòrán rẹ̀ ti ń rìn: ewúrẹ́ wọ kóòtù, ó ń bá àkùkọ jiyàn.

Nílé wa, wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Orí ẹní àìsàn ni mo sì fi ìyá mi sílẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo dìde.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi. A kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án.”

“Sinimá lèyí, kì í ṣe àlọ́,” ni tíṣà wí. “Jókòó.”

“Ẹ̀rù ewúrẹ́ ń bà á,” ni ọmọ kan wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo dijú, mo fìka dí etí títí ó fi parí. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló mú mi délé. Àwọn ọkùnrin ń fọ erùpẹ̀ pupa kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ní ìyá mi ti kú.

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ti kú kí sinimá tó bẹ̀rẹ̀, pé bàbá mi ló ní kí wọ́n dá mi dúró sílé ẹ̀kọ́ títí wọ́n á fi sin ín. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé ìka mi ni kò dí etí mi dáadáa.