Wàrà Inú Ọbẹ̀ Àlájà

Ọjọ́ Àlàrùba ni, ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ku ogún ìṣẹ́jú. Mo ń pààrọ̀ nápíkìn ọmọ mi, Fàrídà, tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú yàrá wa ní àdúgbò Basin, n'Ílọrin. Mo rí ohun pupa kan nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Mo gbé nápíkìn náà lọ sí ojú fèrèsé kí n lè rí i dáadáa. Òwú kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Mo wo aago kí n tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni mo kà ní yunifásítì, ó sì ti mọ́ mi lára láti kọ àkókò sílẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé nǹkan ti ń yí padà láti bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ọmọ náà a mu ọmú díẹ̀, a ká ẹsẹ̀ sókè, a tẹ ẹ̀yìn bí ọrun, a sì bú sẹ́kún. Ìgbẹ́ rẹ̀ ń fà bí ikun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sú wínníwínní. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo ti ń ka gbogbo wọn tẹ́lẹ̀.

Àlájà, ìyá ọkọ mi, wà lọ́dọ̀ wa láti máa wẹ ọmọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo nápíkìn náà.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ṣé mi ò sọ fún ẹ? Tíì tó ò ń mu yẹn, ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀."

"Àlájà, ẹ̀yin lẹ ń pò ó fún mi."

"Èmi ni mò ń pò ó, ìwọ lò ń mu ún tán."

A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Tanke. Ó tó wákàtí mẹ́ta tá a fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ tó yí wa ká ní ibà, Fàrídà sì ń sùn wọ̀ọ̀ lórí itan mi. Ojú tì mí díẹ̀, bí ẹni tó gba ààyè aláìsàn gidi. Wọ́n yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò, wọn ò rí kòkòrò àrùn kankan.

Dókítà, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò le, fara balẹ̀ ṣàlàyé. Èròjà amáradàgbà inú mílíìkì tí ìyá ń jẹ máa ń gba inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bọ́ sínú omi ọmú, ní ìwọ̀n kékeré. Ara àwọn ọmọ kan kò gbà á. Ìfun wọn a wú díẹ̀, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ti àgbàlagbà tí inú ń kùn tó bá mu mílíìkì. Ṣúgà inú mílíìkì ló ń fa ìyẹn. Ó ní kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí òun lè ṣe láti fìdí irú ti Fàrídà múlẹ̀. Kí n yọ mílíìkì màlúù àti ti ewúrẹ́ kúrò nínú oúnjẹ mi pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ fún mi pé kí n má já ọmọ lẹ́nu ọmú.

Mo fi tíì onímílíìkì sílẹ̀, mo fi bọ́tà, bisikíìtì, fúrá àti nọ́nọ̀, mílíìkì kíkan àwọn Fúlàní, sílẹ̀. Mo fa ìlà sínú ìwé kan: oúnjẹ àárọ̀, ti ọ̀sán, ti alẹ́, ẹran, ìgbẹ́ ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ náà dín kù ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú mi sì dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó padà, ó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí jù. Tí kì í bá ṣe mílíìkì, a jẹ́ pé omi ọmú mi fúnra rẹ̀ ni kò bá ọmọ lára mu, màá sì ní láti já a. Aládùúgbò wa kan ti ní ọmú mi ló korò. Mi ò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní ẹ̀rí tí mo lè fi takò ó. Mo fún ọmọ lọ́mú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà.

Nígbà tí a padà lọ, dókítà ní kí n gbé ìwé mi wá. Ó ń fi bírò tẹ̀ lé ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dúró lábẹ́ "ẹran".

"Ìyá Fàrídà, kí ni wọ́n fi ń ṣe wàrà?"

Mílíìkì màlúù ni. Ìgbà mọ́kànlá ni mo kọ wàrà síbẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ará Ìlọrin lè máa wò mí bí òmùgọ̀. Nílé wa, inú agolo ni mílíìkì ń gbé. Wàrà, ara ẹran la ń kà á mọ́. A ń dín in, a ń jù ú sínú ọbẹ̀, a ń bi àlejò bóyá ẹja ló máa jẹ ni àbí wàrà. Àlájà ń ra èyí tó funfun jù lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan ní ọjà Ipata, torí ó gbà pé ó ń mú omi ọmú pọ̀. Ẹyọ tó tóbi jù nínú ọbẹ̀, tèmi ni.

Ó ń dín in lọ́wọ́ nígbà tí mo wọlé. Mo sọ ohun tí dókítà sọ. Ó pa gáàsì.

"Ọwọ́ mi ló ti wá, àbí?"

"Ọwọ́ àwa méjèèjì ni, Àlájà. Ẹ̀yin sè é, èmi jẹ ẹ́, mo tún kọ ọ́ sílẹ̀."

"O kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Ìgbà mọ́kànlá."

"Èmi tí mi ò kàwé tún sàn díẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó fi etí ìborùn nu ojú.

Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò jẹ wàrà mọ́ nínú ilé wa. Ó ń fi sóyà ṣe wàrà fún mi. Kò dùn tó ti màlúù, mi ò ní purọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ó ní kí àwọn alásè ṣí ìkòkò kí òun wo inú rẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ọlọ́pàá ni. Ó ní òun ni ọlọ́pàá ìfun ọmọ-ọmọ òun.

Ní ọjọ́ kẹfà tí mo fi wàrà sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìgbẹ́ rẹ̀ kò fà mọ́, ara rẹ̀ sì ń dán. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ náà ì bá dá fúnra rẹ̀. Nítorí ìyẹn, dókítà ní kí n mu ife mílíìkì kan, kí a wò ó. Ẹ̀jẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Ó dùn mí láti ṣe é, ṣùgbọ́n láìsí i, mi ò lè sọ fún yín pé mílíìkì ni. Mo fi í sílẹ̀ padà, mo ń lo oògùn tó ń dáàbò bo egungun mi dípò mílíìkì, mo sì ń fún un lọ́mú lọ.

Omi ọmú mi kò korò rí. Ohun tí wọ́n fi ìfẹ́ gbé fún mi ni ara mi ń gbé fún ọmọ mi, kò mọ èyí tí kò yẹ kó mú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò lè bínú sí ara tó ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò lè bínú sí Àlájà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn méjèèjì.

Fàrídà ti pé oṣù mẹ́rìnlá. Bisikíìtì onímílíìkì ni dókítà ní ká fi bẹ̀rẹ̀ sí í dán mílíìkì wò lẹ́nu òun fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù méjì. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Àlájà gé wàrà díndín bí ẹyọ ẹ̀pà, ó ní "Bísímílà," ó fi sí i lẹ́nu. Fàrídà tu ú jáde, ó wò ó, ó mú un padà. Mi ò mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ti gbà á tán. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lónìí, ọjọ́ Àlàrùba, ní aago mẹ́jọ àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, mo gbé nápíkìn rẹ̀ lọ sí ojú fèrèsé, Àlájà dúró lẹ́yìn mi, a sì jọ wò ó. Kò sí pupa níbẹ̀.