Beryl Tebbutt, Ẹni Tó So Wáyà Mọ́ Ràkúnmí

Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wa ní Desborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ike ṣe bàálù kéékèèké, kò gbà pé obìnrin lè mọ ohunkóhun nípa bàálù. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, àwa àgbààgbà ọkùnrin mẹ́rìnlá, a ó máa fi gúlúù lẹ ike mọ́ ike, a ó máa jiyàn lórí irú ọ̀dà tí wọ́n fi kun ìrù bàálù kan lọ́dún 1917, bí ẹni pé àwa la kùn ún. Iṣẹ́ obìnrin lọ́dọ̀ wa ni kí ó gbé tíì wá. Beryl, ìyàwó Reg Tebbutt, ló máa ń gbé e wá, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì fi gbé e.

Obìnrin kúkurú ni Beryl, ó sanra níwọ̀nba, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tó wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán kọ́mú nílùú wa, ó sì ti pé ọgọ́ta kó tó jáde níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi ń so okùn mọ́ kọ́mú. Ó máa ń sọ pé, "Kò sí ọmú kan láti ibí dé Kettering tí mi ò gbé dúró rí." Bó bá sọ ọ́ níwájú àlùfáà, àlùfáà á gbójú sókè bí ẹni tó ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò.

Reg ní tirẹ̀ ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mẹkáníìkì bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́ nínú ẹgbẹ́ ni ìdọ̀tí. Bàálù tiwa máa ń dán bí àwo ìyàwó tuntun, ṣùgbọ́n bàálù Reg máa ń dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́ jáde látinú ẹrẹ̀. A ó bi í léèrè, òun náà á sì bi wá padà pé, "Ta ló rí bàálù ogun tó wẹ̀ rí?" Ó mọ ibi tí epo máa ń gbà jò lára ẹ́ńjìnnì, ó mọ ibi tí bàtà awakọ̀ máa ń họ, ó mọ bí òjò ṣe ń fa ìdọ̀tí wálẹ̀ lára nǹkan tí a kùn. Ó máa ń lọ ṣọ́ọ̀kì kúnná, á pò ó mọ́ èédú inú ààrò, á fi orí ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sára ike náà, á tún fi aṣọ nù ún kúrò títí yóò fi kù bí òjìji.

Àbùkù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Reg kì í ṣe bàálù alápá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn bàálù àtijọ́ tí apá rẹ̀ wà lókè, tí òmíràn tún wà nísàlẹ̀. Wáyà ni wọ́n fi ń so apá méjèèjì pọ̀ lára ojúlówó. Lára ti ike, òwú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni. Bó bá dẹ̀, ojú á tì ọ́. Bó bá le jù, á wọ́ apá bàálù. Ọwọ́ Reg sì ti ń gbọ̀n látìgbà tó ti pé ọgọ́ta ọdún. Ó máa ń sọ pé òun dà bí bọ́ọ̀sì tó dúró ní gáréèjì tí wọn ò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 1993, Reg ra Ràkúnmí. Orúkọ bàálù ogun alápá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, nítorí iké tó yọ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bíi ti ẹranko náà. Láti kékeré ló ti ń fẹ́ ẹ, kò sì fẹ́ kú láìṣe é. Ó lẹ̀ ẹ́, ó kùn ún, ó wá ku wáyà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó tì í nídìí tábìlì ilé ìdáná, tó ń ṣépè. Beryl ń bẹ ànàmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Reg, ìyá ta lo ń bú nínú ilé ìdáná mi?"

"Òwú ni mò ń bú."

"Òwú ní ìyá?"

"Èyí ní. Ìyá rẹ̀ kò sì níwà."

Beryl fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó wo bàálù náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Kọ́mú nìyí."

"Kí ni?"

"Kọ́mú ni, mo ní. Wò ó: okùn lókè, okùn nísàlẹ̀, ẹrù láàárín. O wá ń fa apá ọ̀tún tán kó o tó bọ́ sí òsì, ó dájú pé á wọ́. Okùn kan lọ́tùn-ún, okùn kan lósì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn ò kọ́ yín ní nǹkan kan ní gáréèjì ni?"

"Beryl, má fọwọ́ kàn—"

Ó ti fọ ọwọ́ tán kí Reg tó parí ọ̀rọ̀. Ó ju òwú tó wà nílẹ̀ nù, ó ní òkú òwú ni, kì í fà. Ó lọ mú ìbọ̀sẹ̀ gígùn rẹ̀ kan tó ti ya, ó fa fọ́nrán kan yọ nínú rẹ̀, èyí tó máa ń fà tó sì máa ń sún padà. Ó ki í bọ ihò tí Reg ti lu sára apá ìsàlẹ̀, ó fi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ kọ́ sí ìdí rẹ̀ kó lè wúwo, ó kán gúlúù kan sí i, ó fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó gé ìyókù kúrò. Wáyà náà le dáadáa. Reg na ìka kan, ó ta á. Ó dún tín-ín.

Reg ní, "Ọlọ́run mi."

"Ọlọ́run kọ́. Èmi ni."

Àràárọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni Beryl fi so gbogbo rẹ̀, ó lé ní ogún wáyà. Reg wá gba bàálù náà padà láti fi ìdọ̀tí sí i lára. Epo lárà ni ẹ́ńjìnnì ojúlówó Ràkúnmí ń lò nígbà ogun, ó sì máa ń tu ú jáde sí ikùn bàálù àti sí ojú awakọ̀. Ẹ mọ ohun tí epo lárà ń ṣe fún ikùn ẹni tó bá gbé e mì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá ti balẹ̀ láti ojú ogun, ilé ìgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń sá lọ kí wọ́n tó ròyìn fún ọ̀gá. Reg kun ikùn bàálù náà ní àwọ̀ tíì tó ti ṣá, ó jẹ́ kó máa dán bí ẹni pé epo ṣì ń kán. Beryl wò ó, ó ní, "Ṣé kí n tún rán ṣòkòtò awakọ̀ fún ẹ, kó o lè kun ìyẹn náà?"

Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ káàdì ìdíje ẹgbẹ́ wa, Reg bi í pé orúkọ ta ni kí àwọn kọ.

"Tìrẹ ni. Tíì ni èmi ń gbé."

Ó ń wo ojú fèrèsé nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Reg kọ orúkọ ara rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta la fi yìn ín ní ẹgbẹ́. A pọ́n ọn lé. Èmi gan-an sọ níwájú Beryl, bó ṣe ń da tíì sínú ife mi, pé ọwọ́ Reg ti padà sípò, pé èyí ga jù. Reg kàn mi orí.

Oṣù Karùn-ún ni ìdíje. Desmond Loakes ni alága wa, òun náà ni adájọ́, òun náà ló kọ ìwé òfin. Ó máa ń gbé tọ́ọ̀ṣì àti awò ńlá kan kiri bí dókítà tó ń wá àìsàn tí kò sí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ràkúnmí, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó tẹ̀, ó nàró, ó tún tẹ̀. Bó ṣe ń fa ọwọ́ padà, bọ́tìnnì ọwọ́ kóòtù rẹ̀ fa wáyà kan, ó já. Èmi rí i. Ó mọ̀ pé mo rí i.

Ó wú ikọ́. "Reg, wáyà kan ti já níbí o. Mo fún ọ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

Reg jókòó. Ó mú ẹ̀mú, ó fi di òwú mú, ó gbé e súnmọ́ ihò náà. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé a ń gbọ́ bí ẹ̀mú ṣe ń kan tábìlì. Àwọn kan ń wo bàtà ara wọn. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ká ní ó yọwọ́ kúrò nínú ìdíje, kò sí ẹni tí ì bá mọ nǹkan kan. A ì bá kàn kí i pé ó ṣe. Àmọ́ ó gbé ẹ̀mú sílẹ̀, ó yíjú sí fèrèsé tí a ti ń gba tíì, níbi tí Beryl ti ń wo gbogbo rẹ̀, ó sì pariwo, Reg tí kì í pariwo:

"Beryl! Wá so wáyà rẹ!"

Beryl jáde wá, ó ń fi ápúrọ́ọ̀nù nu ọwọ́. Ó wo wáyà tó já, ó wo ojú ọkọ rẹ̀. "Ta ló mú ìbọ̀sẹ̀ dání?" Ó jókòó, ó fa etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè dé orúnkún, ó fi èékánná ya ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì fa fọ́nrán kan yọ. Ọkùnrin mẹ́tàlá gbójú sókè wo àjà. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ó ta wáyà náà lẹ́ẹ̀kan, ó dún.

Desmond ti ṣí ìwé. "Òfin kẹrin. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni a ó gbà. Ó dùn mí, Reg, ṣùgbọ́n mo yọ bàálù yìí kúrò."

"Ó tọ́," Reg ní.

Beryl ní tirẹ̀ kò dìde. "Òfin kẹrin dára púpọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Loakes. Òfin wo ló wá sọ̀rọ̀ nípa bọ́tìnnì yín?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ojú Desmond pọ́n bíi ti ẹni tí wọ́n bá nínú balùwẹ̀. Síbẹ̀, kò yí ìdájọ́ rẹ̀ padà.

Reg sọ fún mi lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n sọ nínú bọ́ọ̀sì bí wọ́n ṣe ń padà sílé, tí bàálù náà wà nínú páálí lórí itan rẹ̀. Ó ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo jẹ́ kí wọ́n máa yìn mí. Mo dákẹ́."

Beryl ní, "Mo gbọ́ bó o ṣe dákẹ́. Tíì ni mò ń dà lọ́wọ́."

"Má bínú."

"Mo bínú. Mo ti bínú tán báyìí. Sún sọ́hùn-ún, o ń ni mí lára."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Beryl wọlé sí gbọ̀ngàn láìgbé nǹkan kan dání, ó fa àga, ó jókòó. Desmond bi í pé tíì ńkọ́.

"Mo rí ọwọ́ méjì lára yín."

Èmi ló lọ po tíì lọ́jọ́ náà. Wọn ò jẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀ dòní. A wá ṣí ìwé òfin láti wá ibi tó ti sọ pé obìnrin kò gbọdọ̀ wọ ẹgbẹ́, a ò rí i. Kò sí ẹni tó ronú rẹ̀ rí débi tí yóò fi kọ ọ́. A dìbò. Mọ́kànlá gbà, méjì kọ̀, ọ̀kan sùn. Desmond ka ọwọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a tún òfin kẹrin ṣe, orúkọ méjì sì lè wà lórí káàdì kan. Ràkúnmí gba ipò kejì. Desmond kọ ọ́ sínú ìwé pé wáyà náà kò ní àléébù, àmọ́ ìdọ̀tí ti pọ̀ jù. Beryl rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Reg kò rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Wọ́n ṣe bàálù mẹ́fà sí i pọ̀. Nígbà tó yá, Reg ò lè di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Yóò jókòó sórí àga tó ní tìmùtìmù, yóò máa darí Beryl: "Èyí mọ́ jù. Nù ún bí ọ̀lẹ ṣe ń nu nǹkan." "Bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò kì í rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́." Beryl á ní kó panu mọ́, á sì ṣe é bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Reg kú ní oṣù Kejì ọdún 2001. Àlùfáà wá bi Beryl pé kí ni kí òun sọ nípa olóògbé. Beryl ní, "Ẹ sọ pé ìdọ̀tí rẹ̀ dára." Àlùfáà náà sọ ọ́ lórí àga ìwàásù, kò sì bú sẹ́rìn-ín. Àwa ló bú sẹ́rìn-ín. Beryl ló sunkún.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, Desmond Loakes kan ilẹ̀kùn Beryl lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan. Ó gbé páálí kan dání. Bàálù alápá pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ti àwọn ará Jámánì, ló wà nínú rẹ̀. Ó ti kùn ún tán láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, kò sì ní wáyà kan ṣoṣo.

Ó ní, "Beryl, mo rò pé bóyá o lè bá mi..."

"Rárá."

"Mi ò tíì sọ ọ́ tán."

"Mi ò ní bá yín so ó. Ẹ wọlé, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ ó so ó fúnra yín."

Gbogbo òwúrọ̀ náà ló fi so wáyà kan. Beryl jókòó níwájú rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì oníbọ́tà, ó ń wò ó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí òwú bọ́, alága wa sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè kọ síbí. Beryl ti àwo búrẹ́dì sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kó jẹ díẹ̀ kó tó tún un ṣe.

Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń lọ. Oṣù Kẹjọ ló tó parí rẹ̀. Ó gbé e wá sí gbọ̀ngàn, ó gbé e ka orí tábìlì, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Beryl wọ awò rẹ̀, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́ títí.

Ó ní, "Wáyà méjì dẹ̀ lápá òsì."